Ọwọ́ Bàbá Àgbà àti Ìtàn Sítátà

[Ìró: kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yí. Tá. Ó dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tún yí. Tá.]

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo fi fóònù mi gba ohùn yẹn sílẹ̀ nínú ọgbà ilé wa n'Íbàdàn. Ọkọ̀ màámi ni, Toyota Corolla ọdún 2005. Olùkọ́ ni màámi. Báàgì iléèwé wọn ti wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ wọn, aago méje ti fẹ́ẹ́ lù. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yòò, rédíò ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ò dáhùn. Tá kan péré.

Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi náà ni mò ń gé ohùn tí mo sì ń tò ó, nítorí náà bí ibì kan bá ń hó, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Lónìí, ìtàn sítátà ni mo fẹ́ sọ, irin kékeré tó ń jí ẹ́ńjìnì mọ́tò lójú oorun, èyí tí àwọn réwáyà wa ń pè ní kíìkì. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ló kan òun. Ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé yẹn, àwọn ará àdúgbò gbọ́ tá, tá, wọ́n sì ti mọ ohun tó kàn. Ẹnìkan ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè: "Mọ́mì, ẹ fi sí jíà kejì, ẹ jẹ́ ká tì í." Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Mọ́tò ò sítáàtì, ènìyàn márùn-ún á dàgbá bò ó lẹ́yìn, awakọ̀ á tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, táyà á yí ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì á jí. Ṣùgbọ́n jíà ọ́tò ni ọkọ̀ màámi. Òróró ló ń so táyà pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì nínú jíà ọ́tò, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló sì ń ti òróró náà kiri. Bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, ìdè yẹn já. Ẹ tì í dé Ọ̀yọ́, kò ní dá yín lóhùn. Àwọn tó ti ká apá aṣọ tún un sọ̀ kalẹ̀, màámi gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá àgbà, bàbá tó bí màámi, wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè, wọ́n ní, "Ẹ̀ ń pariwo nítorí kíìkì. Èmi ni kíìkì nígbà tèmi."

Láti kékeré ni mo ti mọ ọwọ́ yẹn. Ọrùn ọwọ́ náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì lè yí dáadáa. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Tí wọ́n bá fẹ́ fún èèyàn ní ǹkan, wọ́n á kọ́kọ́ ní kó má bínú ọwọ́ òsì. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé ilé yìí, mi ò béèrè rí. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Màá padà sọ́dọ̀ wọn. Amẹ́ríkà ni mo ní láti kọ́kọ́ gbà kọjá, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn tí ìwé ń sọ nípa sítátà ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí ìwé ṣe sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ti ẹni tó ni ọwọ́.

Ìṣòro ẹ́ńjìnì epo bẹntiróòlù ni pé kò lè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó tó lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti máa yí. Písítìn gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ kó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, kó gòkè kó fún un pọ̀, kí pílọ́ọ̀gì wá ṣáná sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè máa dá ara rẹ̀ yí. Ta ni yóò yí i ní ìgbà àkọ́kọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ènìyàn ni. Irin kan wà tí wọ́n tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, a máa ń pè é ní hándù. Wọ́n á tì í bọ ihò níwájú mọ́tò, wọ́n á fi ọwọ́ yí i títí ẹ́ńjìnì á fi gbà.

Bí iná pílọ́ọ̀gì bá ṣẹ́ kí písítìn tó dé òkè pátápátá, ìbúgbàù náà á tì í padà sẹ́yìn. Hándù náà á fò padà pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ́ńjìnì, bá ẹni tó dì í mú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní ọgbọ́n: ọwọ́ òsì ni kó o fi yí i, máa fà á sókè, má tì í sísàlẹ̀, kí àtàǹpàkò rẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka yòókù, má jẹ́ kó yí irin náà po. Bó bá fò padà, á já bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí kò bá mọ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló máa san gbèsè. Àwọn dókítà ṣì ní orúkọ fún oríṣi kíkán kan ní ọrùn ọwọ́, lápá ibi àtàǹpàkò. Wọ́n ń pè é ní chauffeur's fracture, kíkán awakọ̀, nítorí pé hándù ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ìtàn kan wà tí ẹ máa bá níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ sítátà. Wọ́n ní ní ìgbà òtútù 1910, ní Detroit, mọ́tò obìnrin kan kú lórí afárá Belle Isle. Byron Carter, ọkùnrin tó dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò Cartercar sílẹ̀, ń kọjá lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Hándù fò padà, ó gbá a ní àgbọ̀n, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sì ti ibẹ̀ wọlé, ó kú. Wọ́n ní Cadillac ni mọ́tò náà, pé Henry Leland tó jẹ́ ọ̀gá Cadillac banújẹ́ gan-an, ló bá lọ wá ẹni tó máa bá òun fi òpin sí hándù.

Ìtàn yẹn dùn, ó sì gún régé jù. Ọdún 1908 ni Carter kú. Ẹni tó ti kú láti 1908 kò lè máa bá obìnrin yí hándù ní 1910. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní ọdún mìíràn, kí wọ́n wá ṣi ọdún náà sọ. Ohun tó ń dà mí láàmú níbẹ̀ yàtọ̀ sí ọdún. Àìmọye èèyàn ni hándù kán lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìtàn rántí orúkọ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹni tí Leland wá lọ wà ní ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Charles Kettering lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1876, ó jáde ní yunifásítì Ohio State ní 1904, ó sì gba iṣẹ́ ní National Cash Register, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó fún ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù lọ nìyí. Nígbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ ìgbowó náà. Kettering ní kí iná mànàmáná máa yí i. Mọ́tò iná tó máa ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, kó má baà gbóná jóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbowó kì í ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Oníbàárà sanwó, dúrọ́ọ̀ ṣí, ó tán. Nítorí náà mọ́tò kékeré lè ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, bó bá ti jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni, kó wá sinmi, kó tutù.

Ní 1909, òun àti Edward Deeds, tí wọ́n jọ wà ní ilé-iṣẹ́ náà, dá Delco sílẹ̀. Abà tó wà lẹ́yìn ilé Deeds ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ hándù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé ọgbọ́n ẹ̀rọ ìgbowó wá. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ronú àtifi iná yí ẹ́ńjìnì o. Ní 1896, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, H. J. Dowsing ti so mọ́tò iná mọ́ ọkọ̀ Arnold kan. Ṣùgbọ́n èrò tó gbilẹ̀ ni pé mọ́tò iná tó bá máa yí ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tóbi débi pé ọkọ̀ ò ní lè gbé e, òun àti bátìrì rẹ̀. Kettering mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni. Jẹ́ kó ṣe àṣejù, kó sì sinmi. Ní oṣù Kejì 1911, ó fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí Cadillac. Ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni ń yí hándù kó tó gbéra. Ẹ̀rọ kan náà ló ń jí ẹ́ńjìnì, òun náà ló tún ń padà fún bátìrì ní iná tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́.

Èmi gan-an ti ka ìwé tó sọ pé nítorí àwọn obìnrin ni wọ́n ṣe ṣe sítátà, kí ìyá olówó má baà fi hándù ba aṣọ jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ ìgbà náà fẹ́ràn ọkọ̀ oníbátìrì tí kì í béèrè hándù. Clara, ìyàwó Henry Ford pàápàá, Detroit Electric ló ń wà, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ta Model T. Nígbà tí sítátà dé, ìdí pàtàkì kan tí ènìyàn fi ń ra ọkọ̀ oníbátìrì ti lọ. Ṣùgbọ́n apá ọkùnrin ni hándù ń kán jù, àwọn ni wọ́n sì ń yí i fún àwọn ọ̀gá wọn. Aṣọ ló rọrùn láti fi polówó ọjà.

Ẹnìkan ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ, nítorí pé ẹ ti ń pe orúkọ rẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́nu sítátà, jíà kékeré kan wà tó máa ń fò síwájú kó gbá eyín fláwíìlì mú, kó sì padà sẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti jí. Eyín bíi mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ló ní, ti fláwíìlì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí nǹkan kékeré lè yí nǹkan ńlá. Ẹ lọ sí Ararọ̀mí ní Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò n'Íbàdàn, ẹ béèrè orúkọ jíà yẹn. Wọ́n á ní bẹ́ńdíìsì. Vincent Bendix, ọmọ Moline ní Illinois, tí wọ́n bí ní 1881, ló ṣe oríṣi kan tí iyàrá yíyí rẹ̀ ló ń tì í síwájú, ó sì wọnú mọ́tò Chevrolet ní 1914. Ti ayé òde òní ò ṣiṣẹ́ bí tirẹ̀ mọ́, sólínọ́ìdì ló ń fi fọ́ọ̀kì tì í jáde. Àmọ́ bẹ́ńdíìsì ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ibi tí ìwé ń parí ìtàn sí nìyí: 1912, Kettering, ó parí, apá ò kán mọ́. Ká tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan ló wà láyé, kò parí ní 1912. Model T, mọ́tò tí mẹ̀kúnnù ń rà, ti wà lójú títì láti 1908, kò sì ní sítátà iná láti ilé-iṣẹ́ títí di 1919. Ọdún méje gbáko ni ẹni tó lówó Cadillac fi ń tẹ bọ́tìnnì, tí ẹni tó ra Ford ń fi apá rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Mo fa àga, mo tan fóònù, mo ní kí bàbá àgbà sọ ti ọwọ́ náà fún mi.

Ọdún 1958 ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, wọ́n jẹ́ ọmọ mọ́tò lẹ́yìn ọkọ̀ Bedford kan tó ń kó kòkó láti Gbọ̀ngán wá sí Ìbàdàn. Mo rò pé mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo ní, "Mọ́tò àtijọ́ ni, kò ní sítátà, àbí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. "Ta ló sọ fún ẹ? Kíìkì wà lára rẹ̀ dáadáa. Bátìrì ni kò sí. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni bátìrì ti kú. Ọ̀gá ní tí kòkó bá wọlé, òun á rà á. Kòkó wọlé, ọ̀gá fẹ́yàwó."

Mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a dákẹ́.

Àárọ̀ ọyẹ́ ni. Òróró inú ẹ́ńjìnì ti ki nínú òtútù. Mẹkáníìkì kan ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ó sún ìgbà tí iná pílọ́ọ̀gì ń ṣẹ́ síwájú kí mọ́tò lè lágbára lórí òkè. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ mọ́tò. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò náà rí. "Mo dì í mú bí ẹni di ọkọ́ mú," bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, ọkọ́ ni ọwọ́ wọn mọ̀. Ìgbà kẹta tí wọ́n yí i, hándù fò padà.

Wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n padà sí gáréèjì, ọmọkùnrin mìíràn ti wà nídìí hándù. Àtidi awakọ̀ ni bàbá àgbà ń lé tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ti ṣèlérí pé òun máa kọ́ wọn. Ìyẹn parí síbẹ̀. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe lè fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, wọ́n sì di ẹni tó ń kọ orúkọ èrò àti iye ẹrù sínú ìwé ní gáréèjì kan náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti 1912 sí 1958, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Sítátà ti dé, ó wà lára mọ́tò náà gan-an, bàbá àgbà mọ ibi tó wà. Bátìrì wọ́n, ọmọ mọ́tò ò wọ́n. Ọ̀gá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìṣirò náà sì tọ̀nà lójú rẹ̀. Èmi ò gbàgbọ́ mọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe nǹkan ni ọjọ́ tí ìyà tó ń dènà dópin. Ó di ọjọ́ tí ẹni tó ń fi owó pamọ́ bá gbà láti ná an.

Ti màámi ńkọ́? Réwáyà tí a máa ń pè ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, ó ti dé Challenge. Ní ọjọ́ Ẹtì, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin pinnu pé a máa ṣe é fúnra wa.

A ti mọ̀ pé bátìrì kọ́. A fi mítà wọ̀n ọ́n, ó lé díẹ̀ ní fóòtì méjìlá ààbọ̀, iná iwájú sì mọ́lẹ̀. Tá kan, kí ohun gbogbo sì dákẹ́, ìyẹn túmọ̀ sí pé sólínọ́ìdì fò, ṣùgbọ́n iná ò kọjá sínú mọ́tò. Àbúrò mi fi irin sípánà gbá ara sítátà náà jẹ́jẹ́, èmi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì sì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tó ẹ̀rí.

Bátìrì ni a kọ́kọ́ tú, orí odi rẹ̀, èyí tó dúdú. Ẹ má fojú fo èyí. Wáyà tó nípọn tó lọ sídìí sítátà ń gbé iná ní gbogbo ìgbà, kọ́kọ́rọ́ ìbáà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí, kò sì sí fíúùsì kankan láàárín. Ó lè gba ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ámpíà kọjá. Bí sípánà yín bá kan án, tó sì tún kan ara mọ́tò, ẹ máa rí iná tí ẹ ò bèèrè. Lẹ́yìn náà a fi òkúta sẹ́yìn táyà, a yọ bátìrì àti ilé fílítà afẹ́fẹ́ kúrò kí ọwọ́ lè ráyè. Wáyà nípọn náà, sípánà 12. Wáyà tín-ín-rín tó ti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá, a kàn tẹ ẹnu rẹ̀ ni, a fà á yọ. Bọ́ọ̀tì méjì ló di sítátà mú, sípánà 14. Ti òkè rọrùn. Ti ìsàlẹ̀ gbà wá ní wákàtí kan àti àábọ̀, pẹ̀lú òróró, páìpù tí a fi fa ọwọ́ sípánà gùn, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti gé kúrò nínú ohùn yìí.

Tòkunbọ̀ ni a rà ní Ararọ̀mí. Ẹ má sanwó kí wọ́n tó dán an wò lójú yín. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi wáyà méjì so ó mọ́ bátìrì; bẹ́ńdíìsì gbọ́dọ̀ fò jáde, kó sì yí fíìì. Ó yí. A gbé e délé, a tò ó padà bí a ṣe tú u, ẹnu bátìrì ló kẹ́yìn. Màámi jókòó sídìí ìdarí. Mo bẹ̀ wọ́n pé bí kò bá jí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó sinmi. Ọ̀rọ̀ Kettering nìyẹn, láti inú ẹ̀rọ ìgbowó.

[Ìró: kọ́kọ́rọ́ yí. Ẹ́ńjìnì jí.]

Ní ìrọ̀lẹ́, a tú èyí tó bàjẹ́ náà. Nínú sólínọ́ìdì rẹ̀, kọ́pà kékeré méjì ló wà tí iná máa ń gbà kọjá. Ọ̀kan ti jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì kan ojú kejì rẹ̀ mọ́. Kọ́pà tí kò ju èékánná lọ. A lè rà á lọ́tọ̀, ká ti pààrọ̀ ẹ̀yọ kan yẹn, ká má ra odindi. Mo ti mọ̀ báyìí.

Bàbá àgbà ní ká gbé e wá. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n fi ìka ọwọ́ òsì ti bẹ́ńdíìsì, ó fò jáde, ó padà. Wọ́n tún tì í. "Ti Bedford tóbi ju èyí lọ," ni wọ́n wí. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n wá ibi tí wáyà ń wọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta bátìrì báyìí. Mo sọ iye tó jẹ́ fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n gbé irin náà kúrò lórí aṣọ àwọn, ó ní gírísì.